Ọwọ́ Bàbá Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Eruku ni gbogbo ènìyàn máa ń pè ní ọ̀tá ẹni tí ń kun mọ́tò ní Àbújá, pàápàá ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ láti ọ̀nà aṣálẹ̀ Sàhárà bá ń da ìyẹ̀pẹ̀ kíkúnná lé gbogbo ohun tí ó bá tutù lórí. Eruku kò le tó bẹ́ẹ̀. A máa ń wọ́n omi sí ilẹ̀, a máa ń fi tapólì yí ọkọ̀ ká, a sì máa ń dúró kí oòrùn là dáadáa kí a tó fọwọ́ kan gọ́ọ̀nù tí a fi ń fọ́n ọ̀dà. Bí eruku díẹ̀ bá tilẹ̀ bà lé kílíà, ọ̀dà tí kò ní àwọ̀ tí a ń fọ́n kẹ́yìn, sáńpépà kíkúnná onínọ́ńbà 2000 àti omi, lẹ́yìn náà pọ́líìṣì, yóò mú un kúrò nígbà tí ó bá ti gbẹ. Ẹni tí kò ní oògùn ni ẹni tí ó fẹ́ràn mọ́tò náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Apo, tí mo ń parí iṣẹ́ lórí Toyota Corolla oníbàárà mi kan. Ọmọ Ìbàdàn tí ń ṣe iṣẹ́ ìjọba ni, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì fẹ́ kí ọkọ̀ náà dà bí tuntun kí ọjọ́ ìkómọ tó pé. Àwọ̀ fàdákà ni ọkọ̀ náà, 1F7 ni nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára àwo kékeré ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, nítorí náà n kò fi ojú lásán po àwọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ fàdákà kò láàánú ẹnikẹ́ni: bí ọwọ́ ẹni bá yára níhìn-ín tí ó sì lọ́ra lọ́hùn-ún, gbogbo ayé ni yóò rí ibi tí ó ti ṣú. A ti fi fílà, ohun tí a fi ń dí kòtò ara ọkọ̀, dí ibi tí ó tẹ̀, a ti fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀, a ti fọ́n práímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, àwọ̀ náà sì ti jókòó dáadáa. Ó ku kílíà, èyí tí í fún un ní dídán. Ife méjì sí ife kan hádínà, èyí tí í mú kílíà le, ni ti èyí tí mo ń lò, bí a bá sì ti pò wọ́n pọ̀, kò sí pé a ó dá a padà sínú agolo mọ́: ohun tí a kò bá fọ́n yóò dì sínú ife, owó ẹni a sì bá a dì.

Hádínà yìí ní isocyanate nínú, tí í ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nítorí náà, ìbòmú rọ́bà tí ó ní agolo èédú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni mo máa ń wọ̀, kì í ṣe aṣọ pélébé tí a fi ń bo imú nígbà kọ́rónà. Bí mo bá ti wọ̀ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu mi mọ́. Ariwo lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Mo ti fọ́n kílíà tán lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti ń lẹ̀ mọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì tẹ́ débi pé mo ń rí okùn tapólì nínú rẹ̀, títí dé kókó tí ọmọ iṣẹ́ mi ta sí i. Ìgbà náà ni oníbàárà mi ká tapólì sókè, tí ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí bàbá ìyàwó rẹ̀ lè ṣáájú wọlé. Ọkọ̀ òru ni Bàbá wọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wo ọkọ̀ náà yíká, ó mi orí, ó ní, “Bàbá Ìkókó, o kú ìnáwó o.” Kí n tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ó ti ká agbádá sí èjìká, ó ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lé àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ti di ojú.

“Ẹ ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà!”

Mo pariwo pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án!” Ohun tí ó jáde láti inú ìbòmú ni, “Ààààn!” Bàbá gbọ́ ọ sí àmín.

“Ọkọ̀ yìí kò ní pa yín, kò ní pa ẹlòmíràn!”

“Ààààn!”

Ó hàn gbangba pé Bàbá kò tíì pàdé ẹni tí ń fi irú ìtara bẹ́ẹ̀ ṣe àmín rí, nítorí ó túbọ̀ tẹ ọwọ́ mọ́ irin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ọ̀nà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ọ̀nà Kàdúná, ọ̀nà Kẹ́fì. Mo fẹ́ bọ́ ìbòmú náà, ṣùgbọ́n kílíà ti lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́ mi, abẹ́ aṣọ tí mo fi bo orí sì ni okùn rẹ̀ wà. Oníbàárà mi ní tirẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Mo rí i ní ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò di àna rẹ̀ lọ́wọ́ mú láàárín àdúrà? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí a wọ́n omi sí, ó sì ń ṣe àmín sínú ẹrẹ̀.

Nígbà tí Bàbá ṣe tán, ọwọ́ kò fẹ́ kúrò. Ó fà á, kílíà náà sì fà tẹ̀lé e ní okùn tín-ín-rín tín-ín-rín kí ó tó já. Ìka márààrún ni ó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àwọn ìlà àtẹ́lẹwọ́ àti àmì òrùka. Àwọ̀ fàdákà tí ó wà lábẹ́ kílíà ti bá ọwọ́ lọ, àtẹ́lẹwọ́ Bàbá sì ń dán yanranyanran. Ó wo ọwọ́, ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé, “Ṣé kí n fi ti òsì náà sí i kí ó lè dọ́gba?”

Mo ti rí ìbòmú bọ́ nígbà náà. Mo ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá, ẹyọ kan tó.” Mo ṣàlàyé pé bí ó bá gbẹ títí di ọjọ́ kejì, a ó ha bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan, a ó sì tún un kùn. Oníbàárà mi gbà kíákíá, ṣùgbọ́n ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe ìyàwó òun ní Gwarinpa. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Ìkókó láti inú fóònù láìjẹ́ pé wọ́n gbé e sún mọ́ mi.

“Ẹ fẹ́ fi sáńpépà ha àdúrà bàbá mi?”

Ó ní wọn kò gbọdọ̀ kàn án. Ó tún ní kí n wá nǹkan fi bò ó kí òjò má bàa fọ̀ ọ́ lọ. Mo wo kílíà tí ó kù nínú ife, tí ó ti ń ki bọ̀; kì í ṣe ohun tí í dúró de ìpàdé ẹbí. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ibi tí ó bá bàjẹ́ ni wọ́n máa ń sanwó fún mi láti fi pamọ́. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fọ́n kílíà lé ìbàjẹ́ kí ó má bàa parẹ́. N kò ní purọ́, ó jọjú.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ti ní kí ọmọ iṣẹ́ mi mú tínà tí a fi ń nu ọ̀dà kúrò àti àkísà lọ bá Bàbá, ẹni tí ó jókòó sórí táyà níta, tí ó na àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ọmọ Máídúgùrì ni ọmọ náà, ó gbọ́ Yorùbá débi pé ó máa ń fi òwe bú mi, ó sì ti dé fìlà zanna rẹ̀ tuntun ní ìmúrasílẹ̀ fún Jímọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ó lè da tínà sí àkísà. Bàbá rí ọmọ tí ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún sì lọ fúnra rẹ̀.

Mo gbọ́ “Orí rẹ á gbé ọ dé ibi ire” láti inú tapólì. Mo kígbe, ṣùgbọ́n mo ti dá ìbòmú padà sójú.

Nígbà tí mo jáde, ọmọ náà ti ṣí fìlà, ó gbé e sí oòrùn, ó ń fi ojú ka àwọn ìka tí ń dán lórí rẹ̀. Kò bínú rárá. Ó wá yọjú wo inú ife tí mo mú lọ́wọ́.

Ó ní, “Ọ̀gá, ṣé kílíà kù?”