Oògùn kòkòrò tó ń gbé fáírọ́ọ̀sì ilá ní àkókò tirẹ̀

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Ilá ti yọ ewé mẹ́rin. Lára àwọn kan, ewé òkè ti ń ká, iṣan rẹ̀ sì ń nípọn. Ewé ìsàlẹ̀ ṣì ń dán. Èyí kì í ṣe àìsí ajílẹ̀. Bí naitrójìn bá wọ́n nínú ilẹ̀, ewé àgbà ló kọ́kọ́ ń pọ́n. Ewé tuntun ni fáírọ́ọ̀sì ń kọlù.

Kòkòrò méjì ló ń gbé e kiri nílẹ̀ wa, ìwà wọn kò sì jọra. Kòkòrò funfun tí wọ́n ń pè ní Bemisia tabaci ló ń gbé àrùn ewé kíká. Abẹ́ ewé ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ń yé ẹyin sí. Tí a bá gbọn igi, wọ́n á tú sókè fìrì. Bó bá ti fa omi igi tó lárùn, tí wákàtí mélòó kan sì kọjá, á máa pín àrùn náà títí yóò fi kú. Èkejì ni Podagrica, kòkòrò kékeré dídán tó máa ń ta pọ́n-ún, tó ń lu ewé bí ajere. Fáírọ́ọ̀sì mòsáíìkì ló ń gbé lẹ́nu.

Kò sí oògùn kòkòrò tó ń wo igi tó ti kó fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń fín in nítorí kí ewé tó ti ká lè nà ń náwó sí òkú ni. Oṣù kìíní lẹ́yìn gbígbìn ni oògùn wúlò jù, torí igi tó bá kó àrùn ní kékeré kò ní so nǹkan gidi. Igi tó ti ká, fífà ni. Ṣùgbọ́n fín oko ná, kí o tó fà á lọ́jọ́ kejì. Bí a bá kọ́kọ́ fà á, kòkòrò funfun orí rẹ̀ á kó lọ sórí aládùúgbò.

Orúkọ èròjà ni kí a kà lára ìgò, kì í ṣe orúkọ ọjà. Lambda-cyhalothrin àti cypermethrin, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: wọ́n ń pa Podagrica dáadáa, ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀ wọ́n ti mọ́ kòkòrò funfun lára, wọ́n sì ń pa àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí oko mìíràn fi ń burú sí i lẹ́yìn ìfín mélòó kan. Fi acetamiprid, tí kì í ṣe ọmọ ìyá wọn, tàbí dóńgóyárò pààrọ̀ wọn. Ti dóńgóyárò: gún 750 giramu inú èso gbígbẹ, rẹ ẹ́ sínú lítà 15 omi di ọjọ́ kejì, sẹ́ ẹ, po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn. Oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ náà ló dára fún àwọn tó kù, torí òwúrọ̀ ni òdòdó ilá ń ṣí, tí oyin sì ń wá.

Ìwọ̀n kì í ṣe ìdérí ìgò. Fi omi lásán fín ilẹ̀ mítà 10 sí 10. Tó bá gba lítà 3, lítà 300 ni hẹ́kítà kan yóò gbà, ìyẹn táńkì lítà 15 lọ́nà 20. Bí ìwé ara ìgò bá ní mìlílítà 800 fún hẹ́kítà, 40 ni ti táńkì kọ̀ọ̀kan. Yí ẹnu ọ̀pá ìfín sókè kí ó lè dé abẹ́ ewé. Èyí tí a fín sórí ewé nìkan kò kan kòkòrò funfun. Ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti bàtà rọ́bà kò ṣeé yọ sílẹ̀.

Nígbà tí òdòdó bá yọ, kí oògùn líle dáwọ́ dúró. Bí ìgò bá ní kí a dúró fún ọjọ́ 7 kí a tó kórè, kí la fẹ́ fi ilá tí à ń ká ní ọjọ́ méjì-méjì ṣe? Á ti gbó. Ohun tó sì ń lọ sọ́jà lẹ́yìn ìfín àná kò yẹ kó wọ ìkòkò ẹnikẹ́ni. Ní tèmi, ọṣẹ àti dóńgóyárò nìkan ló kù láti ìgbà náà lọ. DDVP, oògùn kòkòrò olóró tí àwọn kan ń po mọ́ cypermethrin, kò ní àyè lórí ilá rárá.

Iṣẹ́ Tọ́lá nínú oko: tu koríko imí-eṣú àti ìṣékètu etí oko, torí wọ́n ń gba kòkòrò funfun lálejò. Ilá tí a máa gbìn tẹ̀lé e, apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ni kó wà, kí atẹ́gùn má baà gbé kòkòrò ti àkọ́kọ́ wá bá a. Àgbàdo ìlà méjì ni kó yí i ká, kó sì ti ga díẹ̀ kí a tó gbin ilá náà.