Ọ̀pá àkọlé orí bùráúsà lórí Linux: ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń yà á

Ẹ ṣí Firefox tàbí Chrome lórí Linux, kí ẹ wo òkè téńté. Lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, àwọn táàbù ló wà níbẹ̀, bọ́tìnnì tí a fi ń ti fèrèsé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lórí ti ẹlòmíì, ọ̀pá gbọọrọ kan tún dùbúlẹ̀ sórí àwọn táàbù náà, ó gbé orúkọ ojú-ìwé tó wà ní ṣíṣí sára. Ọ̀pá àkọlé nìyẹn. Sìkírínì 1366×768 ṣì pọ̀ lára àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà nílé wa, 768 píksẹ́lì péré sì ni gíga rẹ̀. Bí ọ̀pá àkọlé bá gba bíi 30 níbẹ̀, tí táàbù, àpótí àdírẹ́sì àti pánẹ́ẹ̀lì náà gba tiwọn, ohun tó kù fún kíkà ò pọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí fífi ọ̀pá yìí pamọ́ tàbí fífi í hàn fi yẹ ní ṣíṣe dáadáa.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré wá àṣẹ tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ tẹ́mínà (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ), tí yóò sì kọ̀ ṣiṣẹ́. Ohun tó ń fà á ni pé ẹni tí wọ́n ń pàṣẹ fún kọ́ ló ya ọ̀pá náà. Àwọn méjì ló lè yà á. Èkíní ni alábòójútó fèrèsé, ìyẹn ètò tó ń to fèrèsé sójú sìkírínì. Désíkítọ́ọ̀pù Linux kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀: KWin ni ti KDE, xfwm4 ni ti XFCE, Mutter ni ti GNOME, Marco ni ti MATE. Èkejì ni bùráúsà fúnra rẹ̀. Bí bùráúsà bá sọ fún alábòójútó pé “má yọ ara ẹ lẹ́nu, èmi ni màá yà á”, àwọn táàbù á gun òkè lọ, bọ́tìnnì á sì bá wọn lọ. Láti ẹ̀dà 60, tó jáde lọ́dún 2018, ni Firefox ti ń ṣe èyí lórí Linux.

X11 àti Wayland ni ọ̀nà méjì tí Linux fi ń gbé fèrèsé sójú sìkírínì, X11 ló pẹ́ jù. Lórí X11, alábòójútó ṣe tán láti yà á fún ẹni tó bá fẹ́. Wayland ló mú ìyàtọ̀ wá. Ìlànà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ xdg-decoration tí ètò kan fi ń bẹ alábòójútó pé kó bá òun ya ọ̀pá. KWin gbà á, Sway, alábòójútó mìíràn, gbà á, ṣùgbọ́n Mutter ò gbà á. Nítorí náà, bí ẹ bá wà lórí GNOME pẹ̀lú Wayland, gbogbo ètò tó bá jẹ́ ti Wayland tààrà ló ń ya ọ̀pá tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ọ̀pá ti “system” tí ẹnikẹ́ni máa bá yín fi pamọ́ níbẹ̀.

Ẹ tẹ èyí sí tẹ́mínà láti mọ èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀ nínú méjèèjì:

echo $XDG_SESSION_TYPE

Bí ìdáhùn bá jẹ́ wayland, iṣẹ́ ò tíì parí, nítorí bùráúsà lè máa gba abẹ́ XWayland kọjá bíi pé X11 ló wà. Nínú Firefox, ẹ kọ about:support sí àpótí àdírẹ́sì, kí ẹ wá ìlà tó sọ pé Window Protocol. Láti ẹ̀dà 121, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Firefox ń lo Wayland láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Firefox

Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ àyè tó ṣófo lára ìlà táàbù, kí ẹ yan Customize Toolbar. Lójú-ìwé tó bá ṣí, àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì tó ń jẹ́ Title Bar. Bí ẹ bá fi àmì sí i, ọ̀pá á yọ. Bí ẹ bá mú àmì kúrò, á lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni, ẹ ò ní tún Firefox ṣí.

Ohun tí àpótí yẹn ń yí padà wà nínú about:config (ẹ kọ ọ́ sí àpótí àdírẹ́sì), orúkọ rẹ̀ ni browser.tabs.inTitlebar. 0 ń fi ọ̀pá àkọlé hàn, 1 ń fi pamọ́, 2 sì ní kí Firefox wo irú désíkítọ́ọ̀pù tó bá ara rẹ̀ kó tó pinnu. 2 yìí ló fà á tí Firefox kan náà fi lè rí bákan lórí GNOME kó sì rí bámìíràn níbòmíì. Bí ẹ bá rí browser.tabs.drawInTitlebar nínú ìtọ́ni àtijọ́, orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá ṣẹ̀dá rẹ̀ lónìí, Firefox ò ní bìkítà fún un.

Lẹ́yìn tí ọ̀pá bá lọ, àwọn bọ́tìnnì tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ táàbù ń tẹ̀ lé ètò GTK, ìyẹn àkójọ irinṣẹ́ tí Firefox fi ń ya fèrèsé lórí Linux. GNOME a máa fi bọ́tìnnì ìtifèrèsé nìkan sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:

gsettings set org.gnome.desktop.wm.preferences button-layout 'appmenu:minimize,maximize,close'

Àmì : ló pín òsì àti ọ̀tún. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ síwájú àmì náà, ọwọ́ òsì ni àwọn bọ́tìnnì máa wà.

Chrome, Chromium àti Brave

Níbí náà, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ àyè òfìfo ìlà táàbù, ẹ óò rí Use system title bar and borders. Ó tún wà nínú Settings, lábẹ́ Appearance. Bí àmì bá wà lára rẹ̀, alábòójútó ló ń ya ọ̀pá. Bí kò bá sí, Chrome ni. Ti Vivaldi ń jẹ́ Use Native Window, ó sì wà lábẹ́ Appearance bákan náà.

Ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà púpọ̀, bíi ti iléèwé tàbí káfè, á fẹ́ ṣe é láti inú fáìlì. Fún Chrome, fáìlì náà ni ~/.config/google-chrome/Default/Preferences, fún Chromium, ~/.config/chromium/Default/Preferences, fún Brave, ~/.config/BraveSoftware/Brave-Browser/Default/Preferences. JSON ni, ìyẹn ọ̀nà kan tí a ń gbà to dátà sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán. Lábẹ́ "browser", ẹ wá "custom_chrome_frame": true túmọ̀ sí pé Chrome ló ń yà á, false túmọ̀ sí pé alábòójútó ni. Ẹ da fáìlì náà kọ síbòmíì ná kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí kọ́mà kan ṣoṣo tó bá ṣìnà ti tó láti ba JSON jẹ́.

Ibi tó ti máa ń kọ̀ nìyí. Bí Chrome bá ń lọ, kò ní ka àtúnṣe yín. Nígbà tó bá ń kú, á kọ ohun tó wà lórí ara rẹ̀ lé fáìlì náà, àtúnṣe á sì pòórá. Títi fèrèsé nìkan ò sì tó, nítorí Chrome lè máa bá iṣẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀ bí wọ́n bá gbà á láyè láti máa ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Settings. Ẹ lo pgrep -a chrome láti rí i dájú pé kò sí ohunkóhun tó ṣẹ́kù kí ẹ tó ṣí fáìlì. Ẹ rántí pẹ̀lú pé profáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní Preferences tirẹ̀: ẹni kejì tó ń lo bùráúsà kan náà lè wà nínú Profile 1, tí Default ò ní kàn án rárá.

Kó lọ nígbà tí fèrèsé bá kún sìkírínì nìkan

Èyí ni mo fara mọ́ jù lọ. Nígbà tí fèrèsé bá kéré, ọ̀pá àkọlé wúlò: òun lẹ dì mú láti fà á kiri, òun náà ló ń jẹ́ kí ẹ dá fèrèsé mẹ́ta tó jọra mọ̀ yàtọ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ kún sìkírínì, kò sí ibi tí ẹ ń fà á lọ mọ́, gíga yẹn sì wúlò fún kíkà.

Lórí XFCE, ẹ ṣí Window Manager Tweaks, kí ẹ lọ sí Accessibility, kí ẹ fi àmì sí Hide title of windows when maximized. Láti tẹ́mínà:

xfconf-query -c xfwm4 -p /general/titleless_maximize -s true

Lórí KDE, kò sí bọ́tìnnì fún un nínú System Settings, àfi kí ẹ kọ ọ́ sínú kwinrc, fáìlì ètò KWin:

kwriteconfig6 --file kwinrc --group Windows --key BorderlessMaximizedWindows true

Lórí Plasma 5, ìyẹn ẹ̀dà KDE ti tẹ́lẹ̀, kwriteconfig5 ni. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde kí ẹ tún wọlé, kí KWin lè ka fáìlì náà lákọ̀tun.

Wàyí o, ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú: kí méjèèjì yìí tó lè ṣiṣẹ́ lórí bùráúsà, ẹ gbọ́dọ̀ *tan* ọ̀pá àkọlé nínú bùráúsà náà. Nínú Firefox, ẹ fi àmì sí Title Bar. Nínú Chrome, ẹ fi àmì sí Use system title bar and borders. Ohun tí xfwm4 tàbí KWin yà nìkan ló lè mú kúrò. Bí bùráúsà bá ń ya tirẹ̀, alábòójútó ò rí ohunkóhun tó fẹ́ yọ, ẹ óò sì máa rò pé àṣẹ náà ti bàjẹ́.

Bí ọ̀pá bá ti lọ báyìí, àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ bá a lọ. Alt+F4 ń ti fèrèsé lórí àwọn méjèèjì. Láti dín in kù padà, Alt+F10 ni ti XFCE, Meta+PgUp ni ti KDE (Meta, tí àwọn míì ń pè ní Super, ni bọ́tìnnì Windows lórí kíbọ́ọ̀dù).

Bí ẹ bá fẹ́ kó lọ pátápátá lórí KDE fún bùráúsà kan, ẹ tẹ Alt+F3, kí ẹ yan More Actions, lẹ́yìn náà Configure Special Application Settings. Ẹ fi No titlebar and frame kún un, ẹ yan Force àti Yes. Inú ~/.config/kwinrulesrc ló ń kọ ọ́ sí, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe lè gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn.

Lórí MATE tàbí ibikíbi tó bá ṣì jẹ́ X11

xprop -f _MOTIF_WM_HINTS 32c -set _MOTIF_WM_HINTS "0x2, 0x0, 0x0, 0x0, 0x0"

Ojú máòsì á di àmì àgbélébùú. Ẹ fi tẹ inú fèrèsé bùráúsà. Nọ́ńbà àkọ́kọ́, 0x2, ń sọ fún alábòójútó pé ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ fèrèsé, ìyẹn ọ̀pá àkọlé àti etí rẹ̀, là ń bá a sọ. Ẹ̀kẹta ni ìdáhùn: 0x0 kó yọ ọ́, 0x1 kó dá a padà. Fèrèsé yẹn nìkan ló kàn. Bí ẹ bá tì í kí ẹ tún un ṣí, ọ̀pá á ti padà. Ẹni tó fẹ́ kó dúró lè fi devilspie2, ètò kékeré tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nígbàkigbà tí fèrèsé bá ṣí, síbẹ̀, kó kọ èyí sínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .lua nínú ~/.config/devilspie2:

if get_class_instance_name() == "Navigator" then undecorate_window() end

Navigator ni orúkọ tí Firefox ń jẹ́ níbẹ̀. Ẹ lè fi xprop WM_CLASS wá ti àwọn yòókù. Méjèèjì ò ní ipá kankan lórí fèrèsé Wayland tààrà.

i3 àti Sway

Alábòójútó fèrèsé ni i3 náà, bíi Sway. Ìlà kan péré nínú fáìlì config. Fún i3:

for_window [class="(?i)firefox"] border pixel 1

Fún Sway:

for_window [app_id="firefox"] border pixel 1

Bí bùráúsà bá ń gba XWayland kọjá lórí Sway, app_id ò ní bá a. Class ni kí ẹ lò. swaymsg -t get_tree á fi èyí tó ní hàn yín. Bọ́tìnnì tó bá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táàbù Firefox níbẹ̀ ò wúlò fún ẹni tó ń fi kíbọ́ọ̀dù ṣe gbogbo nǹkan. Ẹ kọ gtk-decoration-layout=: sábẹ́ [Settings] nínú ~/.config/gtk-3.0/settings.ini, kí ẹ sì tún Firefox ṣí.

Bí ẹ bá há sínú fèrèsé tí kò ní ọ̀pá

Lórí GNOME, Alt+Space ń mú àkójọ iṣẹ́ fèrèsé jáde, Alt+F7 ń jẹ́ kí ẹ gbé e kiri, Alt+F8 ń jẹ́ kí ẹ yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. XFCE náà ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lórí KDE, Alt+F3. Fún fífà, ẹ di Super mú kí ẹ fi bọ́tìnnì òsì máòsì fà á láti ibikíbi nínú fèrèsé. Alt ló wà fún un lórí XFCE. Ẹ mọ èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá bí ẹ bá máa ń ṣí táàbù púpọ̀, torí bí táàbù bá kún ìlà wọn, kò ní sí àyè òfìfo tí ẹ óò dì mú mọ́.

Orúkọ ojú-ìwé kò parẹ́. Ó ṣì wà lára fèrèsé, pánẹ́ẹ̀lì àti Alt+Tab ṣì ń fi hàn, ètò tó ń ka sìkírínì fún afọ́jú náà ṣì ń rí i.

Láti dá gbogbo rẹ̀ padà: nínú about:config, ẹ wá browser.tabs.inTitlebar kí ẹ tẹ àmì ọfà ìdápadà tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Nínú Chrome, ẹ yí àmì yẹn padà. Lórí KDE, ẹ pa òfin náà rẹ́ nínú Window Rules, kí ẹ sì dá BorderlessMaximizedWindows padà sí false. Lórí XFCE, ẹ tún àṣẹ xfconf-query kan náà kọ pẹ̀lú false.