Mo fi igbó pààrọ̀ sìgá, ikọ́ ò lọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi kan bi mí pé, "Ọ̀gá, ẹ ti mu méjèèjì rí. Èwo ló sàn fún ẹ̀dọ̀fóró, sìgá àbí igbó?" Mo kọ́kọ́ fẹ́ lé e padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ni mo bá jókòó.

Ọdún 11 ni mo fi mu sìgá ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi zémìjàn, ọ̀kadà wa níbí, gbé èrò ní Wàndó ló ní kí n fi í sílẹ̀, kí n máa mu igbó, pé ewé lásán ni, pé ilé iṣẹ́ kankan ò po nǹkan mọ́ ọn. Mo gbà á gbọ́, torí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Kò pẹ́ tí ikọ́ ìdájí mi fi le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyàwó mi kò nílò aago mọ́. Tí mo bá ti ń wúkọ́, tí mo ń ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ó ti mọ̀ pé ilẹ̀ fẹ́ mọ́.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò àyà mi, nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà sì bi mí pé, "Ọkọ mi, báwo lo ṣe ń fà á?" Mo ní mo máa ń fà á wọlé, màá sé e mọ́ àyà kó lè wọra dáadáa. Ó ní, "Sísé yẹn gan-an ni."

Ewé yòówù tí iná bá jó, ọ̀dà, ìdọ̀tí tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, wà nínú èéfín rẹ̀, gáàsì olóró tó ń jáde nídìí mọ́tò náà sì wà níbẹ̀. Ní 1988, àwọn oníṣègùn kan ní Los Angeles, tí Tashkin wà lára wọn, wọn èéfín tí ọkùnrin 15 tó ń mu méjèèjì ń fà. Tó bá jẹ́ igbó, wọ́n máa ń sé e mọ́ra tó ìlọ́po 4 ti sìgá, ọ̀dà tó ń wọlé sì tó ìlọ́po 3. Bẹ́ẹ̀ sì ni igbó tí a fọwọ́ wé kì í ní fíltà.

Mo délé, mo mú àjákù aṣọ funfun kan nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Mo fa igbó sẹ́nu, n kò gbé e mì, mo fẹ́ ẹ sára aṣọ náà: àmì rọ́bótó aláwọ̀ ilẹ̀ yọ. Mo tún fà á, mo sé e bí mo ṣe máa ń ṣe, mo fẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni àmì tó yọ. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó yé mi pé èyí tó kù wà láyà mi.

Kí n má parọ́ mọ́ igbó o. Sìgá ló ń pa èèyàn jù. Àwọn olùwádìí méjì, Doll àti Hill, ti fi hàn ní 1950, ní Ìlú Ọba, pé ó bá jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tan. Ní ti igbó, àkójọ ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2017 kò rí irú ìbátan bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rí tó le ló rí lórí ikọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí kì í tán. Ẹni tó ń mu sìgá lè fa 20 lójúmọ́; ta ló ń wé igbó 20?

Ohun tó wá mú èmi ni pé mo máa ń po tábà mọ́ igbó náà kó lè jó dáadáa, bíi ti àwọn tó kù. Nikotíìnì, ohun inú tábà tó ń di bárakú síni lára, kò kúrò lára mi rárá. Mo rò pé mo ti fi sìgá sílẹ̀, aṣọ ni mo pààrọ̀ fún un.

Mo fi méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tiẹ̀ kọ́kọ́ pọ̀ sí i, ẹ̀rù bà mí. Lóṣù kẹta ló gbẹ. Ní báyìí, ìyàwó mi ti ra aago, ó ní oorun ti ń gbé òun kọjá àkókò.