Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó báyìí, mọ́tò wà nílé

Láti Sábó ní Yábàá tí mò ń gbé dé Broad Street tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò lè ju nǹkan bíi kìlómítà 8 lọ, àmọ́ gbogbo ará Èkó ló mọ̀ pé kìlómítà kọ́ la fi ń wọn ọ̀nà níbí. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, kó o tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ o ti débẹ̀. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, o lè kúrò nílé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ kí aago mẹ́jọ ṣì bá ẹ lórí afárá, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, epo ń jó, o ò lè lọ, o ò lè padà. Ohun tó mú mi gbé kẹ̀kẹ́ ológeere nìyẹn o. Mi ò sọ pé kẹ̀kẹ́ yá ju mọ́tò, tí ọ̀nà bá dá mọ́tò á fi í sílẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n tí mo bá ti gun kẹ̀kẹ́ mi jáde, mo mọ ìgbà tí mà á dé. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 35, tó bá pẹ́ jù 45, ì báà jẹ́ pé tírélà takú sí Ìjọra, ì báà jẹ́ pé danfo méjì kọlura ní Iddo tí wọ́n wá ń bára wọn jà láàárín títì. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nílùú yìí rí á mọ̀ pé kí èèyàn mọ ìgbà tó máa dé, nǹkan ńlá ni.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀, mi ò ní purọ́. Ní May 29, 2023 tí Ààrẹ Tinubu kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo tí à ń rà ní iye tí ò tó ₦200 fò sí bíi ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó máa fi di October 2024 ó ti ń lọ sí ₦1,000. Ọ̀kadà tá a máa ń sá lọ bá tẹ́lẹ̀ tí ọ̀nà bá dí, ìjọba ti lé e kúrò ní Mainland àti Island láti February 2020, wọ́n tún wá fọwọ́ líle mú un ní June 2022. Kẹ̀kẹ́ tèmi ò ní ẹ́ńjìnì, kò mu epo, kò sẹ́ni tó ń dá mi dúró béèrè pátíkúlà. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ṣebí reluwéè ti dé. Òótọ́ ni, mo sì fẹ́ràn reluwéè yẹn gan-an, àmọ́ Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní October 2024, Òyìngbò ló ń parí sí, kò sọdá omi. Blue Line ló dé Marina, Mile 2 lòun sì ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ń ti Yábàá bọ̀ ṣì máa wá bó ṣe máa gba orí afárá kọjá.

Màámi ni ò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n pè mí lórí fóònù, "Ta ló gba mọ́tò lọ́wọ́ ẹ? Ṣé o jẹ gbèsè ni? Ọkọ ẹ ńkọ́, ṣé ó mọ̀ sí i?" Mo ní, "Màámi, mọ́tò wà nílé, òun la máa gbé wá kí yín ní Sátidé." Wọ́n ní kí n ṣáà má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rí mi ládùúgbò àwọn pẹ̀lú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Lọ́dọ̀ wa, tí èèyàn bá ti ra mọ́tò tí wọ́n tún wá rí i lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á ní nǹkan ti ṣe é. Àmọ́ bàbá wọn fúnra wọn, kẹ̀kẹ́ Raleigh ni wọ́n ń gùn lọ sóko kòkó, tíṣà ń gùn ún, àwọn tó ń wọn kòkó ń gùn ún, tọ́mọdé bá gbọ́ aago ẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán á sáré jáde wò ó. Iyì wà lára kẹ̀kẹ́ nígbà yẹn, mi ò sì rí ohun tó bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ọ̀nà ṣe rí. Mo máa ń jáde kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù kí oòrùn tó mú. Sòkòtò ni mo máa ń wọ̀, aṣọ iṣẹ́ wà nínú báàgì ẹ̀yìn, mo ti wé e sínú nylon nítorí òjò. Sábó, Alágòmẹjì, Adékúnlé, ilẹ̀ tẹ́jú, kò sóhun púpọ̀ níbẹ̀. Òyìngbò lọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ń já tòmátì àti ata látìdájí, omi ara ẹ̀ ti ṣàn dé ojú títì, ó ń yọ̀, wẹ́rẹ́ ni mo máa ń rọra tẹ bíréèkì ẹ̀yìn níbẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kan tiwájú. Tí mo bá dé Iddo mo ti yí jíà sí èyí tó fúyẹ́, torí afárá Carter ga ju bó ṣe rí lójú ẹni tó wà nínú mọ́tò lọ.

Afárá yìí ló kọ́kọ́ so Island mọ́ Mainland, 1901 ni àwọn òyìnbó ṣe é, orúkọ Gómìnà Gilbert Carter ni wọ́n fi pè é, wọ́n sì ti tún un kọ́ lẹ́yìn òmìnira. Ọdún gbọọrọ ni mo fi mọ́tò gbà á kọjá tó jẹ́ pé ẹ̀yìn danfo tó wà níwájú mi nìkan ni mo ń wò. Lórí kẹ̀kẹ́ ni mo tó rí ọ̀sà. Third Mainland wà lápá òsì, ó ju kìlómítà 11 lọ, iná mọ́tò tò lórí ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn ò sún. Lápá ọ̀tún, kíréènì Àpápá. Ní ìsàlẹ̀, àwọn apẹja nínú ọkọ̀ wọn ń ju àwọ̀n. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dùn, àmọ́ iyọ̀ wà nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ṣéènì fi máa ń dógùn-ún tí èèyàn ò bá ń nù ún kó sì máa fi ọ́ìlì sí i.

Ní Ìdúmọ̀tà mo máa ń bọ́ sílẹ̀ ni, mo á máa tì í. Kò sí bí èèyàn ṣe lè gun kẹ̀kẹ́ láàárín àwọn alábàárù, "Ẹ yà o! Ẹrù wúwo o!", báálì aṣọ ti bo ojú wọn, ọmọlanke ń bọ̀ lápá kejì, ìwọ lo gbọ́dọ̀ yà. Àwọn ìyá tó ń ṣí ìsọ̀ lásìkò yẹn ti mọ̀ mí. "Ìyàwó, o tètè dé lónìí o." "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ọjà, ẹ ó tà á o." "Àṣẹ, o ò ní ṣubú o." Nígbà tí mò ń gbé mọ́tò, fèrèsé ń wà ní títì pa nítorí àwọn tó ń já fóònù gbà, mi ò kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí.

Táyà jò mọ́ mi lẹ́sẹ̀ ní Iddo lọ́jọ́ kan, bàbá fọkanáísà kan tí irun wọn ti funfun ló bá mi tún un ṣe. Ṣíbí méjì ni wọ́n fi yọ táyà, wọ́n fa túùbù jáde, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, wọ́n rì í sínú bàsíà omi, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó lójú kan. Wọ́n tẹ ìka mọ́ ibẹ̀, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n fi sáńpépà ha á, wọ́n fi sọlúṣọ̀n kùn ún, wọ́n wá dúró. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ní lẹ̀ ẹ́ ni?" Wọ́n ní, "Tí ò bá tíì gbẹ, á ṣí." Wọn ò tíì fẹ́ dá táyà padà o, wọ́n ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀, wọ́n fi ìka wá a yí po, wọ́n sì fa wáyà tín-ín-rín kan jáde, irú èyí tó máa ń wà nínú táyà tírélà tó bẹ́ sójú títì. Ká ní wọn ò yọ ọ́ ni, kí n tó dórí afárá ni ì bá tún ti jò. Mo ń nawọ́ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún táyà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ti mọ́tò nìyẹn, á bẹ́ túùbù ẹ," wọ́n bá gbé pọ́ńpù ọwọ́ wá.

Àwọn tó ń bi mí bóyá ẹ̀rù ò bà mí, ó ń bà mí, ó sì yẹ kó máa bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, tírélà tó bá ń yà sọ́tùn-ún, ẹ má kó sáàárín òun àti kọ́bù, dírẹ́bà ò rí yín rárá níbẹ̀. Danfo tó bá ń rọra dúró, ẹ má gba apá ọ̀tún ẹ̀, kọ̀ńdọ́ á ti bẹ́ sílẹ̀ kó tó dúró. Tí omi òjò bá bo títì ẹ dúró, ẹ ò mọ gọ́tà tí wọ́n ò dé. Ìjọba Èkó ti gbé ìlànà kan jáde ní 2018 fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àtàwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, inú mi dùn sí i, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ fi ojú mi rí ni ọ̀nà tiwa lórí afárá Carter, kó fẹ̀ tó kẹ̀kẹ́ kan péré, kí wọ́n fi nǹkan dí i kí danfo má lè gùn ún. Ìyẹn nìkan á mú ọ̀pọ̀ èèyàn jáde.

Ìrọ̀lẹ́ rọrùn ju àárọ̀ lọ, torí afẹ́fẹ́ òkun máa ń fẹ́ láti gúúsù, ẹ̀yìn ló ti ń tì mí bọ̀ nílé. Àbúrò kan ní ọ́fíìsì wa tó ń gbé ní Adékúnlé ti ń rí i pé mo máa ń ṣáájú òun délé, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ á jọ máa lọ." Mo ti sọ fún un pé tòkunbọ̀ dáa, kó ṣáà ra èyí tí táyà ẹ̀ fẹ̀ dáadáa torí àwọn irin tó wà lójú afárá, kó ra iná pupa sẹ́yìn, kó sì dúró dè mí ní Adékúnlé láàárọ̀ Mọ́ńdè kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù.