Ọdún mẹ́fà nídìí ọkọ̀ bándì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dá bándì sílẹ̀, ó ní kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹlòmíràn náà lè rí i kà. Fún ọdún mẹ́fà, èmi ni mo wa bọ́ọ̀sì àwọn olórin kan ní St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri, Amẹ́ríkà. Àwọn márùn-ún ni, èmi ni ẹlẹ́ẹ̀kẹfà. Orin kọ́ńtìrì ni wọ́n ń kọ, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí rédíò ń gbé sáfẹ́fẹ́: gìtá wọn le bíi ti rọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ inú orin wọn sì dá lórí ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé àti gbèsè tí kò tán.

Gìtá onírin ló fà mí mọ́ wọn, èyí tí wọ́n ń tẹ́ kalẹ̀ bíi tábìlì tí wọ́n sì ń fi irin gbá lórí okùn rẹ̀. Irú rẹ̀ ni Dèmọ́lá Adépọ̀jù ta fún King Sunny Adé. Bàbá mi sì fẹ́ràn Jim Reeves, olórin kọ́ńtìrì ará Amẹ́ríkà, gan-an, bí ọ̀pọ̀ àgbà ìgbà yẹn. Orin náà kò ṣàjèjì sí mi rárá.

Ẹ má tíì sáré lọ New York. Ẹ mú ìlú márùn-ún tí ọkọ̀ yín lè dé, kí ẹ máa padà síbẹ̀. Kansas City tó nǹkan bí 250 máìlì sí wa, ìrìn wákàtí mẹ́rin. Columbia wà láàárín ọ̀nà, Lawrence sì wà níwájú díẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí a ṣeré ní Lawrence, ènìyàn mọ́kànlá ló wá, méjì nínú wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ọtí náà. Lẹ́yìn oṣù méjì a padà, a tún padà. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, wọ́n ń bá wa gbe orin.

Owó ni mo ti ṣàṣìṣe. Ọdún méjì ni mo fi ń kó owó ẹnu ọ̀nà sínú àpò ìwé kan nínú ọkọ̀, mò ń ra epo, mò ń san owó hòtẹ́ẹ̀lì, n kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. N kò jí kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí jíà bọ́ọ̀sì bàjẹ́ lọ́nà Columbia, tí owó àtúnṣe ò sí, onílù wa wò mí lójú, ó ní, "Níbo lowó wà?" N kò ní ìwé tí mo lè fi hàn án. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára mi.

Láti ìgbà náà, n kì í ṣáná sí ọkọ̀ àfi tí a bá ti ka owó lójú gbogbo wa. A ó yọ owó epo, a ó wá pín ìyókù sọ́nà méje: àwa mẹ́fà, bọ́ọ̀sì ìkeje. Bí a bá pa 180 dọ́là, tí epo gba 40, ogún dọ́là ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò pọ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tún fura sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ tètè sọ orúkọ ẹni tí yóò wà lára orin gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ni owó ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá orin ń wọlé fún, kì í ṣe ẹni tó lu ìlù sí i, àfi tí ẹ bá ti jọ ṣàdéhùn.

Gbogbo olórin agbègbè wa ló mọ ìtàn bándì kan tó ń jẹ́ Uncle Tupelo, láti ìlú Belleville, ní òdìkejì odò Mississippi. Láti ilé ẹ̀kọ́ ni Jay Farrar àti Jeff Tweedy ti mọra. Wọ́n dá bándì wọn sílẹ̀ ní 1987, àwo àkọ́kọ́ jáde ní 1990. Nígbà tí Farrar pinnu láti kúrò ní 1994, mánẹ́jà ló sọ fún. Ẹnu mánẹ́jà ni Tweedy ti gbọ́. Òde ìkẹyìn wọn wáyé ní St. Louis ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún náà. Pé Farrar kò sọ ọ́ fún un fúnra rẹ̀ ń dùn mí títí di òní. Brian Henneman, tó ń bá wọn tọ́jú gìtá, dá bándì tirẹ̀, Bottle Rockets, sílẹ̀ ní ìlú Festus ní Missouri, wọ́n sì ń bá a lọ títí di 2021.

Bándì tiwa parí nígbà tí ẹni tó ń kọrin fún wa bímọ. Ó sọ ọ́ fún wa fúnra rẹ̀, nínú bọ́ọ̀sì, kí a tó ka owó. A ta bọ́ọ̀sì náà lóṣù tó tẹ̀ lé e, a sì pín owó rẹ̀ sọ́nà mẹ́fà.