Trófímù tí Pọ́ọ̀lù fi sílẹ̀ ní Mílétù

Ọjọ́bọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde

Jákọ́bù orí 5 la fẹ́ kà ní kíláàsì Bíbélì lálẹ́ yìí, níbi tó ti ní kí aláìsàn ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n gbàdúrà fún un, kí wọ́n fi òróró kùn ún. A ò tíì kà á débì kan tí màmá kan tó ń ta fùfú l'Ókè-Ajé fi béèrè pé: "Ẹ̀yin ará, tí mo bá gbàdúrà tán tí mo tún gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mì, ṣé kì í ṣe pé mo ń sọ fún Ọlọ́run pé n ò gbà á gbọ́ nìyẹn?"

Ni ilé bá gbóná. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní ìgbàgbọ́ tó bá pé, kí ló fẹ́ wá lọ sí kẹ́míìsì? Alàgbà tó ń darí wa ní Ọlọ́run ló fún dókítà lọ́gbọ́n. A ti gbọ́ gbólóhùn yẹn títí ó ti di orin, kò sì tu màmá nínú.

Ó yà mí lẹ́nu pé Ìjẹ̀bú la wà tí à ń jiyàn yìí bí ẹni pé orí wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ọdún 1918 ń pa èèyàn kiri, ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour's ní ìlú yìí kan náà ni Joseph Sadare, alágbẹ̀dẹ wúrà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ aládùúrà sílẹ̀, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Òkúta Iyebíye. Tíṣà obìnrin kan, Sophia Odunlami, dìde láti Ìsonyìn, ó ní Ẹ̀mí sọ fún òun pé omi òjò ni ìwòsàn wà, kí àwọn èèyàn pa oògùn tì. Nígbà tó fi di 1922, ọ̀rọ̀ oògùn àti ti ìtẹ̀bọmi ọmọ ọwọ́ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn aláṣẹ Áńgílíkà, ni wọ́n bá kó jáde. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni Christ Apostolic Church ti ṣẹ̀. Àní kuníìnì tí àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì ìjọ Apostolic, tí wọ́n bá da pọ̀ lẹ́yìn náà, ń lò sí ibà wà lára ohun tó tú wọn ká nígbà tó yá!

N kì í fi àwọn àgbà yẹn ṣe ẹlẹ́yà o. Ní 1918, kò sí dókítà tó ní oògùn tó lè wo àrùn yẹn, ì báà ṣe l'Ékòó, ì báà ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá ní "Ọlọ́run nìkan" nígbà náà, kò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù nǹkan kan. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru yàtọ̀. Oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àìsàn náà fúnra rẹ̀ kì í sábà dun èèyàn. O lè jẹ́rìí ìwòsàn ní Sọ́ńdè, kí o jó, kí o dá ọpẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ sì wà ní 190 níbi tí o ti ń jó. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló máa ń wá sọ òótọ́ fún ẹbí.

Ohun tó wà lábẹ́ ìbéèrè màmá ló ká mi lára jù: pé tí ara ò bá yá, ìgbàgbọ́ ló kéré. Ta ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀? Pọ́ọ̀lù tí wọ́n ń mú aṣọ ara rẹ̀ lọ bá aláìsàn tí ara wọn sì ń yá, òun náà ló kọ̀wé nínú Tímótì kejì, orí 4 ẹsẹ 20, pé òun fi Trófímù, alábàárìn òun, sílẹ̀ ní ìlú Mílétù nínú àìsàn. Kò ní ó ṣẹ̀. Kò ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò tó. Ó sọ ọ́ láàárín ìkíni, ó sì kọjá lọ. Tímótì pàápàá, wáìnì díẹ̀ ló ní kó máa lò nítorí inú rẹ̀. Ọba Hesekáyà ti gba ìlérí pé òun yóò tún lo ọdún 15 sí i láyé kí Aísáyà tó ní kí wọ́n lọ mú ọ̀pọ̀tọ́ wá lẹ̀ mọ́ oówo rẹ̀. Láyé mi, n ò tíì gbọ́ ìwàásù lórí Trófímù. Bóyá torí pé kò ṣeé fi gba ọrẹ ni.

Mo ka ẹsẹ náà sókè. Màmá ní kí n tún un kà, ó wá béèrè pé, "Ara rẹ̀ padà yá?" Mo ní Bíbélì ò sọ.

Lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́, bí a ṣe ń to àga, ó tú etí ìró rẹ̀, ó fi oògùn náà hàn mí. Ó ti kán hóró kọ̀ọ̀kan sí méjì. "Ààbọ̀ ni mò ń lò lójúmọ́, ọmọ mi. Owó rẹ̀ ti lé sí i."

Gbogbo ariwo tí a pa lórí ìgbàgbọ́, kò sẹ́ni tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Bẹ́ẹ̀, Jákọ́bù kan náà, ní orí 2, ló ní ẹ̀ ń sọ fún aláìní pé kó máa lọ ní àlàáfíà, ẹ ò sì fún un ní ohun tí ara ń fẹ́, èrè kí ni? Orí yẹn la sáré gbà kọjá torí ìpàdé ìkórè.

Mo bá akápò lẹ́nu géètì. Ó ní owó ìrànlọ́wọ́ wà, àmọ́ ìsìnkú ọmọ ìjọ ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Mo ní ṣé ó di ìgbà tí màmá bá kú ká tó ná an fún wọn ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀. Mo ti kọ ọ́ kí n tó kọ èyí.