Kí omi tó jáde lẹ́nu họ́ọ̀sì: àpótí àti coolant tí mo ṣe fún mill kékeré mi

Gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi tó rí coolant, omi funfun tí mo po epo mọ́, tó ń dà sórí irin tí mill ń gé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí, pọ́ǹpù wo lẹ lò? Ẹ gbọ́, pọ́ǹpù ò ṣòro jàre. Òun ló rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀, èyíkéyìí tó bá ti lè ti omi gòkè bíi mítà kan, ó ti tó. Ibi tí wàhálà wà ni kí omi yẹn padà síbi tó ti wá láì gba ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, láì gba inú mọ́tò, láì gba inú bàtà yín. Ẹni tí ò bá tíì mọ ọ̀nà tómi máa gbà padà, kó fowó pọ́ǹpù sápò ná.

Mill ni ẹ̀rọ tó ń fi cutter, ọ̀bẹ irin tó ń yí bírí, gé irin. Tèmi ò tóbi, irú Sieg X2 yẹn ni, èyí táwọn èèyàn máa ń rà tí wọ́n á wá so stepper mọ́tò, mọ́tò tó ń yí díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ní kó yí, mọ́ ọn kí kọ̀ǹpútà lè máa darí ẹ̀. GRBL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí irú ẹ̀rọ báyìí, ló wà lórí ẹ̀, Arduino Uno, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan báyìí, ló ń gbé gbogbo iṣẹ́. Àlùmíníọ̀mù ni mo sì máa ń gé jù torí òun ló pọ̀ nílẹ̀, àwọn tó ń ṣe wíńdò máa ń ní àjẹkù tí wọ́n ń tà fáwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù, èmi náà á lọ dúró síbẹ̀ màá ní ẹ wọn tèmi síta. Irú àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe wíńdò yẹn, 6063 ni lọ́pọ̀ ìgbà, ó rọ̀, ó sì máa ń lẹ̀.

Ibi lílẹ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ coolant ti wọlé. Àwọn kan rò pé nítorí ooru nìkan la ṣe ń da omi sí i. Ooru wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ fún àlùmíníọ̀mù, èérún ló ń dá ìjà sílẹ̀. Tí èérún ò bá kúrò nínú kòtò tí cutter ń gbẹ́, cutter á máa gé ohun tó ti gé tẹ́lẹ̀, ooru á gorí ooru, àlùmíníọ̀mù á wá lẹ̀ mọ́ ẹnu cutter pátápátá. Ẹ ò ní rí i o, ẹ máa gbọ́ ọ ni. Èyí tó ń ṣe ṣíì-ṣíì-ṣíì jẹ́ẹ́jẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, á wá han, tẹ́ ẹ bá fi máa na ọwọ́ sí súwíìṣì, cutter 6mm ti di méjì. Coolant ń fọ èérún yẹn dànù, ó ń jẹ́ kí ẹnu cutter máa yọ̀, lẹ́yìn náà ló tó wá kan ọ̀rọ̀ ooru.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ 3018 kékeré yẹn tẹ́ ẹ fi ń gé pákó àti rọ́bà, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i látinú compressor, ó ti tó yín. Cast iron náà, irin tí wọ́n yọ́ dà, mo máa ń gé e ní gbígbẹ ni, torí tómi bá kan eruku ẹ̀ ẹrẹ̀ dúdú ló ń dà, ẹrẹ̀ ọ̀hún á sì wọ gbogbo ibi tí irin ti ń yọ̀ lórí irin.

Ẹ jẹ́ n sọ ti kẹrosíìnì kíá, torí àwọn tọ́nà wa fẹ́ràn ẹ̀. Lóòótọ́, kẹrosíìnì ń ṣe dáadáa lórí àlùmíníọ̀mù, ojú irin á dán. Àmọ́ ẹni tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án díẹ̀díẹ̀ níta gbangba nìyẹn. Ẹ wá lọ kó o sínú àpótí tẹ́ ẹ ti sé pa, kí ẹ máa fi pọ́ǹpù tú u ká, kí mọ́tò spindle, ìyẹn èyí tó ń yí cutter, tó ní carbon brush tó ń ta iná pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ sì wà lókè ẹ̀? Ẹ máa ṣe àlàyé fún ẹbí yín. Omi àti soluble oil, epo tó ń pò mọ́ omi, lèmi ń lò.

Ó yá, àpótí tí mill máa wà nínú ẹ̀ kómi má bàa tú síta. Ọ̀wọ́dé Onírin lójú ọ̀nà Ìkòròdú ni mo ti ra irin, ẹni tó bá ti débẹ̀ rí mọ̀ pé kò sí irin tí wọn ò ní, kéèyàn ṣáà ti lè dúró nínú oòrùn kó sì lè ná ọjà. Square pipe oní-ínṣì kan ni mo fi ṣe egungun ẹ̀, ìsàlẹ̀ níbi tómi máa dà sí jẹ́ páànù tó nípọn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ jẹ́ páànù fẹ́lẹ́. Mi ò fi pákó sí i, mi ò fi MDF, pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀ pọ̀, sí i, ẹni tó bá ń rò ó, kó bu omi sórí ègé MDF kan kó wá wò ó lọ́jọ́ kejì.

Wẹ́dà tó bá mi jó o, ọmọkùnrin kan tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ gan-an, ó wo ohun tí mo yà sórí ìwé títí, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ má bínú o, ṣé ẹja lẹ fẹ́ máa sìn ni?” Mo ní rárá, irin ni mo fẹ́ máa wẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣáà ń wò mí. Àmọ́ nígbà tó yé e pé omi ò gbọdọ̀ jò lábẹ́ rárá, òun fúnra ẹ̀ ló sọ pé ti ìsàlẹ̀ yẹn, òun ò ní jó o ní tótòtó, òun máa jó o yípo ni, àti pé ká má jó tẹ̀gbẹ́ yípo o, torí páànù fẹ́lẹ́ á ká. Ni a bá lo bóòtù àti sílíkónì fún ẹ̀gbẹ́.

Ohun tó wà níbi ẹ̀gbẹ́ yìí ni bí páànù kan ṣe máa gun èkejì. Àwọn tó ń kan òrùlé mọ̀ ọ́n dáadáa, páànù òkè á bo orí tìsàlẹ̀ kójò lè máa yọ̀ lọ. Àmọ́ tiwọn, ìta lòjò ti ń bọ̀. Tiwa, inú lòjò ti ń rọ̀, torí náà ẹ yí i sódì: etí páànù òkè ló gbọ́dọ̀ wọnú ti ìsàlẹ̀, kómi tó bá ń ṣàn bọ̀ lára ògiri máa já sínú nígbà gbogbo. Ilẹ̀kùn náà bẹ́ẹ̀, etí ìsàlẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní inú ọ̀hún, kó gùn kọjá ẹnu àpótí, nítorí rọ́bà tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn máa gbó lọ́jọ́ kan, irin tẹ́ ẹ tẹ̀ dáadáa ò ní gbó. Mo nígbàgbọ́ nínú bẹ́ẹ̀ ju sílíkónì lọ. Tẹ́ ẹ bá sì máa ra sílíkónì, ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, èyí tó ń rùn bíi vinegar yẹn máa ń jẹ irin, èyí tí wọ́n kọ neutral sí lára ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ sì fún un ní odidi ọjọ́ kan kó gbẹ.

Ọ̀dà ńkọ́? Ọ̀dà elépo lásán táwọn èèyàn fi ń kun géètì, coolant á rọ̀ ọ́, á sì ṣí i kúrò. Epoxy onípò méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ ni mo kùn sí i. Ojú wíńdò jẹ́ polycarbonate 5mm, kì í ṣe Perspex. Rọ́bà tó mọ́ bíi gíláàsì ni méjèèjì, wọ́n jọra lójú, àwọn tó ń tà á gan-an a máa pè wọ́n ní nǹkan kan náà, àmọ́ tí cutter bá ṣẹ́ tó sì fò, Perspex á fọ́ wẹ́wẹ́, polycarbonate á gba a mọ́ra, á kàn lẹ́gbò ni.

Kí n tó gbé mill sínú ẹ̀, mo tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sábẹ́ àpótí látìgun dé igun, mo da omi lásán sínú, mo sì fi sílẹ̀ di àárọ̀. Ìwé ìròyìn ò ní gbà fún yín láti parọ́ fúnra yín. Ibi tó jò, àmì ẹ̀ wà níbẹ̀ roboto, kódà tómi ti gbẹ. Ojú bóòtù ló máa ń jẹ́ jù, omi máa ń tẹ̀lé eyín bóòtù wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ò ní rí i lójú títí ẹ̀kán kékeré kan á fi rọ̀ sẹ́nu nọ́ọ̀tì. Wáṣà rọ́bà ló yanjú ẹ̀.

Ilẹ̀ àpótí gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí igun kan, kẹ́ ẹ má bẹ̀rù láti jẹ́ kó gẹ̀rẹ́ gan-an, torí kì í ṣe omi nìkan ló fẹ́ lọ, èérún ń bẹ níbẹ̀. Ihò tó ń gbé e jáde, páìpù oní-ínṣì méjì ni mo fi sí i. Páìpù kékeré tó tó omi á dí lójú èérún kíákíá, pọ́ǹpù ò sì mọ̀ pé ó ti dí, á máa fa omi lọ ní tiẹ̀, àpótí á kún, táńkì á gbẹ. Asẹ́ irin kan wà lórí ihò yẹn, mo gbé e ga sókè díẹ̀ kó má fẹ̀yìn lélẹ̀, kí èérún lè kó jọ yí ìdí ẹ̀ ká kómi sì tún rí ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Táńkì, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ni, mo gé ìhà kan lára ẹ̀ mo gbé e dùbúlẹ̀, mo fi páànù pín inú ẹ̀ sí yàrá mẹ́ta. Omi á já sí àkọ́kọ́, èérún á rì, omi á kún kọjá orí ògiri bọ́ sí ìkejì, nígbà tó bá fi máa dé ìkẹta níbi tí pọ́ǹpù wà, ó ti mọ́. Mo tún fi sítọ́kìn àwọn obìnrin wé ẹnu pọ́ǹpù. Ìyàwó mi ò tíì béèrè, ẹ bá mi dákẹ́.

Pọ́ǹpù ọ̀hún wá, tó jẹ́ pé òun lẹ wá gbọ́: 12V DC ni. Ẹ má gbé pọ́ǹpù 220V sínú táńkì nínú ilé tí wọn ò fi earth, wáyà tó ń gbé iná tó bá jò wọ ilẹ̀, sí, ilé tí wọn ò fi earth sí sì pọ̀ nílùú yìí ju èyí tí wọ́n fi sí lọ. GRBL 1.1 máa ń tan pin A3, ẹsẹ̀ kan lára Arduino, tó bá rí àṣẹ M8 nínú iṣẹ́, á pa á tó bá rí M9. Pin yẹn ò lágbára àtigbé pọ́ǹpù o, relay, súwíìṣì tí iná kékeré ń tẹ̀ fún iná ńlá, ni kó máa tan, kẹ́ ẹ sì fi díódì, tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, kọjú padà lórí wáyà pọ́ǹpù kí iná tó ń ta padà má bàa da Arduino láàmú. Àpótí iná wà lẹ́yìn òde pátápátá, kò sí lórí àpótí omi, kò sì sí lábẹ́ ẹ̀.

Èyí tó tún kan àwa níbí: NEPA. Orúkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wù wọ́n láti máa jẹ́ ò kàn mí. Tí wọ́n bá mú iná tí pọ́ǹpù kú ṣùgbọ́n tí spindle wà lórí ínfátà tó ń bá iṣẹ́ lọ, ẹ ti ń gé e ní gbígbẹ nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà, kẹ́ ẹ sì fi contactor, súwíìṣì oníná ńlá kan, síwájú ẹ̀, irú èyí tó jẹ́ pé tíná bá lọ ó máa já sílẹ̀, tíná bá dé kò ní dìde fúnra ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì.

Ní ti pípo, epo ni ẹ máa dà sínú omi, ẹ má da omi sínú epo, tẹ́ ẹ bá yí i padà ó máa ń di kókó tí ò ní yọ́ mọ́. Lítà kan sí ogún lítà omi, ìyẹn bíi 5%, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Omi òjò ni mo ń lò tó bá wà. Omi bóhóòlù wa níbí ní iyọ̀ àtàwọn nǹkan mìíràn nínú, ó máa ń mú kí ègbin léfòó sójú coolant, ó sì máa ń dípẹtà sórí tábìlì mill. Ooru Èkó náà ń gbé omi lọ, epo ò gbé, torí náà tí táńkì bá dínkù, omi tẹ́ ẹ kàn fi epo tó kéré gan-an sí ni kẹ́ ẹ fi kún un, ẹ má pò ó bíi ti àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa ki sí i ni. Refractometer kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà nínú èso ló ń sọ ibi tó dé fún mi, ẹ kán ẹyọ kan sójú ẹ̀, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ kà á. Ẹ wo ara gálọ́ọ̀nù epo yín, iye tẹ́ ẹ máa fi sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀ máa ń wà níbẹ̀.

Òórùn ńkọ́? Ó máa rùn. Epo tí ẹ fi ń pa ojú irin mill máa ń kó jọ sórí omi, á bo ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀, atẹ́gùn ò ní wọlé, kòkòrò tí kì í fẹ́ atẹ́gùn á wá máa gbádùn ara ẹ̀ nísàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà díẹ̀ tẹ́ ẹ wá ṣílẹ̀kùn, ẹyin tó ti bàjẹ́ lẹ máa gbóòórùn. Mo fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ẹja, èyí tó ń hó pùkẹ̀pùkẹ̀ yẹn, sí yàrá kejì, tọ̀sán tòru ló ń ṣiṣẹ́ tíná bá wà, mo sì máa ń fi àkísà gbá epo ojú omi kúrò. Ó dára gan-an báyìí. Wẹ́dà yẹn wá kí mi lọ́jọ́ kan, ó rí ẹ̀rọ ẹja nínú táńkì, ó ní “Bọ̀dá, mo ṣáà sọ bẹ́ẹ̀.”

Èyí tó bá ti bàjẹ́ pátápátá, mi ò dà á sí gọ́tà, torí gọ́tà wa ọ̀sà ló ń lọ. Mo máa ń dà á sínú ọpọ́n fífẹ̀ kan lẹ́yìn ilé níbi tọ́mọdé ò dé, oòrùn á fa omi inú ẹ̀ lọ, epo tó ṣẹ́kù á bọ́ sínú gálọ́ọ̀nù fún àwọn tó ń ra epo ẹ́ńjìnnì àlòkù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí bí mo ṣe tẹ ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, màá ya fọ́tò ẹ̀ tí mo bá tú u láti pààrọ̀ rọ́bà.